Ìbálé kọ́, ilẹ̀kùn ni

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìsánlú ní kí a fi "ìbálé" pe awọ tó ń bo ojú-ara abo ẹmọ́ òyìnbó (guinea pig), nínú ìwé pẹlẹbẹ tí a ń kọ fún àwọn tó ń sìn ín lágbègbè wa. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ìbálé, ọ̀rọ̀ ìyàwó àti àna. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ti ẹmọ́ òyìnbó kì í lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 15 sí 17 síra wọn, ara abo á béèrè akọ, awọ náà á là. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á tún padé. Ọjọ́ ìbímọ, á tún là. Abo tó ti bímọ lábímọ ṣì ní in lára. Ṣé ìyá ọlọ́mọ yẹn náà la ó máa pè ní ẹni tí kò mọ akọ rí? "Ilẹ̀kùn ojú-ara" tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ń sìn ín á kàn ní "ó ti ṣílẹ̀kùn", ọ̀rọ̀ á sì yé gbogbo ilé.

"Ìwo ilé-ọmọ" tí àbúrò wa mú wá ńkọ́? Lóòótọ́ ilé-ọmọ rẹ̀ pín sí méjì, ṣùgbọ́n orí ẹran nìwo wà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní apá: apá ọ̀tún, apá òsì.

Kórópọ̀n ò gba àríyànjiyàn. Ká sáà kọ ọ́ pé akọ lè fà á wọ ikùn, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é lábo. Ẹ da ẹran náà dojú sókè, kẹ́ ẹ wo ojú-ara rẹ̀: tabo rí bíi lẹ́tà Y; takọ rí róbótó, tẹ́ ẹ bá sì fìka tẹ òkè rẹ̀ jẹ́jẹ́, okó á yọ. (Mi ò ní pe tẹran ní "nǹkan ọkùnrin" o.)

"Ìyapa egungun" ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí àgbẹ̀ á rò pé ẹran ti kán nídìí. Egungun méjì tó pàdé níwájú ìdí ló ń ṣí sílẹ̀ kó tó bímọ, torí ọmọ rẹ̀ tóbi: oyún ọjọ́ 59 sí 72, tirun teyín, ojú ti là. Abo tí kò bá bí àkọ́bí kó tó pé bí oṣù 6 sí 7, egungun yẹn lè lẹ̀ pọ̀, ìrọbí á sì lè pa á. "Ìdí ti là" ni tèmi.

Ẹ̀yin ará Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, tí ìdí ewúrẹ́ bá rọ̀ kó tó bímọ, kí lẹ ń sọ pé ó ṣe?