Juvenile Justice: ṣé òótọ́ ni òfin ọmọ tí kò tíì pé 14 yẹn?

Ìyá Kẹ́hìndé, Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ eré Kòríà. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ìkàwé wa, ọmọ ọdún 15 sí 17, fẹ́ ká jọ wo Juvenile Justice lórí Netflix, eré ọdún 2022 tó ní apá 10, tí Kim Hye-soo ti ṣe Adájọ́ Sim Eun-seok. Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ tí kò tíì pé 14 lè pa èèyàn ní Kòríà kó má sì ṣẹ̀wọ̀n? Apá wo ló yẹ ká fò? Dátà mélòó ló máa jẹ? Ẹni tó bá mọ bí òfin tiwa ṣe rí ní Ọ̀yọ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Lọ́yà Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Kẹ́hìndé. Òótọ́ ni. Abala 9 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Kòríà Gúúsù ni kò jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tí kò tíì pé 14. Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn fi ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ. Tó bá ti pé 10, adájọ́ àwọn ọmọdé lè dá ẹjọ́ ààbò fún un, ìyẹn ìdájọ́ tó wà láti tọ́ ọmọ sọ́nà, tí kì í ṣe ìjìyà ọ̀daràn; oríṣi 10 ni ẹjọ́ náà sì pín sí. Nọ́ńbà tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu adájọ́ nìyẹn. Nọ́ńbà 1, wọ́n fa ọmọ lé òbí tàbí alágbàtọ́ lọ́wọ́. Nọ́ńbà 3, iṣẹ́ ìlú, ẹni tó ti pé 14 nìkan ni wọ́n lè fún. Nọ́ńbà 4, òṣìṣẹ́ ìjọba á máa mójú tó o fún ọdún kan. Nọ́ńbà 5, ọdún méjì. Láti 8 dé 10 ni wọ́n ń rán ọmọ lọ sí ilé ìtúnwàṣe: 8 kò ju oṣù kan, 9 kò ju oṣù mẹ́fà, 10 kò ju ọdún méjì, ọmọ tó ti pé 12 nìkan ló sì kàn. Ilé ìtúnwàṣe yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní Gimcheon. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ẹjọ́ ààbò, òfin ní kò gbọdọ̀ ba ọjọ́ iwájú rẹ̀ jẹ́.

Ohun kan máa ń da olùwò láàmú níbí. Nígbà tí eré yìí jáde, àwọn ará Kòríà ṣì ń ka ọjọ́ orí bíi ti àtijọ́: ọmọ ti pé ọdún kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n á sì fi ọdún kan kún un ní gbogbo January 1. June 2023 ni òfin fòpin sí i. Ilé-ẹjọ́ ní tirẹ̀, ọjọ́ ìbí gan-an ló ń wò, nítorí náà ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ ọdún 15 níléèwé lè jẹ́ 13 níwájú adájọ́.

Ẹni tí kò tíì wò ó, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́, ti ọmọ kékeré tí wọ́n pa, ọmọkùnrin tí kò tíì pé 14 gba nọ́ńbà 10, ọmọbìnrin tó ti kọjá 14 gba ẹ̀wọ̀n ọdún 20. Ẹni tí kò tíì pé 18 nígbà tó ṣẹ̀, wọn kò lè dá ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére fún un; ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀, àfi ẹ̀ṣẹ̀ burúkú bí ìpànìyàn tó lè dé 20. Adájọ́ Sim lo òfin náà dé òpin rẹ̀, kò sì kọjá rẹ̀.

Ibi tí eré náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà ni bí adájọ́ ṣe ń sá kiri ìgboro tó ń wá ẹ̀rí. Ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìwádìí ilé-ẹjọ́ ló ni iṣẹ́ yẹn. Adájọ́ kan ṣoṣo ni òfin ní kó gbọ́ ẹjọ́ ààbò, ní ìdákọ́ńkọ́, láìsí èrò. Adájọ́ mẹ́ta tí ẹ ń rí pa pọ̀ nínú eré yẹn, ti ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá ni. Wọ́n kó oríṣi ẹjọ́ méjèèjì sí ọ́fíìsì kan kí ìtàn lè dùn.

Olùwò Dúgbẹ̀
Mà, ẹ má tíì gbé pirojẹ́kítọ̀ síta o. Àdéhùn Netflix sọ pé fún ìlò ara ẹni àti àwọn ará ilé ẹni nìkan ni. Eré aláìjóòótọ́ bíi èyí kò sí lára ohun tí wọ́n gbà kí ẹgbẹ́ tàbí iléèwé gbé síwájú èrò. Àgbàlagbà ni wọ́n sì ṣe é fún. Ohun tí mo rò pé ó dára jù ni kí òbí kọ̀ọ̀kan bá ọmọ rẹ̀ wò ó nílé, kẹ́ ẹ wá pàdé láti jíròrò.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá 5 àti 6, ẹjọ́ ìbéèrè ìdánwò tó jò. Ọ̀rọ̀ expo ni, kò sí ọmọ SS3 ní Ìbàdàn tí kò ní yé. Apá 7 àti 8 náà dáa, àwọn ọmọ tí kò ní láísẹ́ńsì wa mọ́tò. Apá 1 àti 2 le gan-an, ọmọ kékeré ni wọ́n pa, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ jù. Apá 9 àti 10 jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀. Èmi ò ní fi í han ọmọ ọdún 15.

Dátà: nínú áàpù fóònù, ẹ lọ sí App Settings, ẹ yan Save Data níbi dátà fóònù. GB kan á tó bíi wákàtí mẹ́fà, nítorí náà GB méjì á ká gbogbo apá 10. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù kì í tẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ yàn lórí fóònù, ibẹ̀ ni dátà ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ẹ lọ sí Playback settings nínú àkáǹtì: Low ń jẹ 0.3 GB ní wákàtí kan, Medium 0.7, High lè dé 3 GB tó bá jẹ́ HD. Áàpù Windows kò gba dáwùnlóòdù mọ́ láti 2024. Lórí fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Alábòójútó Ọmọ, Ìjokòdó
Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Tiwa níbí: abala 30 nínú Criminal Code ní ọmọ tí kò tíì pé 7 kò lẹ́bi rárá. Láti 7 títí tó fi máa pé 12, àfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rí hàn pé ó mọ̀ pé ohun tó ṣe kò dáa. Child Rights Act ti 2003, tí Ọ̀yọ́ sọ di òfin tirẹ̀ ní 2006, wá ka gbogbo ẹni tí kò tíì pé 18 sí ọmọ. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, ẹgba tàbí ìdájọ́ ikú fún un. Tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ, òfin ní kí wọ́n fi tó òbí létí lójú ẹsẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ọjọ́ orí. Ọmọ tó ga, tí kò ní ìwé ìbí, wọ́n lè kọ 19 sí i lára ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ àwọn àgbà. Ẹ sọ fáwọn òbí ẹgbẹ́ yín kí wọ́n gba ìwé ìbí lọ́dọ̀ National Population Commission, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ìjokòdó níbí ni ilé ìtúnwàṣe ìjọba fáwọn ọmọ wà. Borstal, ilé ìtọ́sọ́nà fáwọn ọ̀dọ́ tó ti dàgbà díẹ̀ tó rú òfin, ní tirẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, Ìlọrin àti Kàdúná, ẹni ọdún 16 sí 21 ló wà fún.

Ìyá Kẹ́hìndé, Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé gan-an. Mo gbà, ilé oníkálukú ni wọ́n á ti wò ó, apá 5 àti 6 la ó sì kọ́kọ́ jíròrò. Lọ́yà, ṣé wọ́n gbìyànjú láti yí 14 yẹn padà?

Lọ́yà Bódìjà
Bẹ́ẹ̀ ni. Ní October 2022, Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí Ìdájọ́ ní Kòríà kéde pé òun fẹ́ kó di 13. Ẹ fi í ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ fáwọn ọmọ náà: kí ẹni tó fara mọ́ ọn sọ ìdí, kí ẹni tí kò fara mọ́ ọn náà sì sọ tirẹ̀.