Ìlànà ẹ̀kọ́ wo ni kí n mú fún ọmọ SS1 tó ń kàwé nílé?

Ẹ̀yin òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sùúrùlérè ní Èkó là ń gbé. Ọmọbìnrin mi ti ṣe JSS3 tán, ilé ni yóò sì ti ka SS1. Iṣẹ́ dókítà ló wù ú, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì kò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Mo ti ka ìlànà NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí ilé ìwé ń kọ́, àti sílébọ́ọ̀sì WAEC. IGCSE, ìdánwò girama ti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wù mí gan-an, àmọ́ owó ìdánwò rẹ̀ ga, Yunifásítì Èkó ni ọmọ mi sì ń fojú sí, ìyẹn ni pé JAMB ń dúró dè é. Mo bi àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àdáni ní Yábàá. Kálukú ń yin èyí tó ń kọ́. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì kò bà mí lẹ́rù. Practical, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe sáyẹ́ǹsì, ni ìṣòro mi: WAEC ń dán ọmọ wò lórí rẹ̀, kò sì síbi tí yóò ti di burette àti pipette tí wọ́n fi ń wọn kẹ́míkà olómi mú nínú ilé wa.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ilé ṣe WAEC aládàáni, ṣé ìlànà NERDC nìkan tó fún SS1 sáyẹ́ǹsì, àbí ẹ fi ìwé IGCSE kún un? Níbo ní Mainland lẹ ti rí yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì (laboratory) tó ń gba ọmọ tí kò sí nílé ìwé?