Ìṣirò ọṣẹ́ ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò wa kan béèrè orúkọ tí àwọn tó ń gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì lè máa pe damage meter. Ìdáhùn méjì ló ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ dá "òṣùwọ̀n agbára" lábàá, ẹlòmíràn sì ní "mítà ìbàjẹ́". Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Fún àwọn tí kò rí nǹkan náà rí: nínú géèmù World of Warcraft, tí iléeṣẹ́ Blizzard gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, àwọn ènìyàn máa ń kó ara wọn jọ lọ bá ẹbọra ńlá jà. Ní Molten Core, ọ̀kan nínú àwọn ibi ìjà inú géèmù náà, 40 ni wọ́n. Gbogbo idà tó bá bà, gbogbo ọfọ̀ tó bá jáde, géèmù ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ damage meter, irú bíi Recount, Skada tàbí Details tí a ń fi kún géèmù, ni kí ó ka àwọn ìlà yẹn, kí ó ro wọ́n pọ̀, kí ó sì to orúkọ wa láti orí ẹni tó ṣe jù dé ẹni tó ṣe kéré jù. Kódà ìlà ohun tó bá ṣẹlẹ̀ jìnnà sí ẹ lè má dé ọ̀dọ̀ ẹ, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tèmi àti tìẹ fi lè yàtọ̀ lórí ìjà kan náà.

Damage ibẹ̀ kì í ṣe ìbàjẹ́. Ọbẹ̀ àná lè bàjẹ́, mọ́tò lè bàjẹ́, orúkọ ènìyàn lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ba ènìyàn, tàbí tí ìjì bá ká òrùlé lọ, ohun tó ń jáde lẹ́nu wa ni pé ó ṣọṣẹ́. Ìpalára náà kò burú, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó fara gbà á ni ọ̀rọ̀ yẹn kọjú sí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ni ọṣẹ́ kọjú sí, ẹni tó ṣe é gan-an la sì ń ka tirẹ̀ níhìn-ín. Ẹnìkan ti sọ pé bí a kò bá fi àmì sí i, ọṣẹ́ yóò di ọṣẹ. Òótọ́ ni, ta ló ń ráyè fàmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí ìjà bá ń lọ lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, bákan náà là ń tẹ wọ́n lórí fóònù, a sì ń gbọ́ ara wa yé.

Òṣùwọ̀n ló ká mi lára jù. Ẹ wo bí a ṣe ń lò ó: "kò kún ojú òṣùwọ̀n". Tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ nìyẹn. Tí a bá wá so agbára mọ́ ọn, a ti sọ fún ọmọ tó wà nísàlẹ̀ àtẹ pé kò lágbára. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ ọ́n lára èmi fúnra mi.

Nígbà tí Classic, ẹ̀yà àtijọ́ géèmù náà, jáde lọ́dún 2019, mage (oṣó) ni mo ń lò, Frostbolt, ọfọ̀ yìnyín, ni mo sì ń jù, nítorí iná kì í ran ọ̀pọ̀ ẹbọra inú Molten Core. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń wà. Mo rò pé ọ̀pá mi ni kò dára tó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a pa Golemagg, ẹbọra kan níbẹ̀, mo tẹ orúkọ ara mi nínú Details, mo sì yọ ìṣẹ́jú kan sọ́tọ̀ nínú ìjà náà. Frostbolt kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀, nítorí náà 24 ló yẹ kí n jù. 17 ni mo bá. Méje ti lọ. Níbo ni wọ́n lọ? Mo ń rìn káàkiri láìnídìí, mo ń bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ tí n kò parí, mo ń wo ẹ̀gbẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo dúró sójú kan, mo ń tẹ èyí tó kàn kí èyí tó wà lọ́wọ́ tó jáde tán: 22. Ọ̀pá kan náà, aṣọ kan náà. Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ni ìṣirò yẹn fi hàn mí, kò sọ ohunkóhun nípa agbára.

Ohun tí ìṣirò náà kò kà sì pọ̀. Ẹ wo ìjà Majordomo Executus, ẹbọra mìíràn ní Molten Core. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ ló yí i ká, mẹ́rin nínú wọn ń wo àwọn yòókù sàn. Àwọn mage a máa sọ àwọn tó ń woni sàn di àgùntàn, kí wọ́n má lè ṣiṣẹ́. Ọṣẹ́ díẹ̀ péré tó bá kan àgùntàn náà, ó ti padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó ń ṣọ́ àgùntàn, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Ẹni tó da yìnyín lé gbogbo wọn lórí, tó sì tú àgùntàn ká, òkè ni orúkọ rẹ̀ ń lọ. Irú nọ́ńbà tí èyí kó jọ, padding ni wọ́n ń pè é, àbùmọ́ sì ni lédè wa, ó bá a mu rẹ́gí: àbùmọ́ ọṣẹ́.

Nítorí náà, ìṣirò ọṣẹ́ ni mo fara mọ́. Ìṣirò kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó kà, ó sì rò ó pọ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú akaṣẹ́, láti inú aka-ọṣẹ́, àmọ́ ó ti sún mọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ jù létí. Ní ti DPS, ìyẹn iye ọṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọṣẹ́ àáyá ti tó: "Ọṣẹ́ àáyá ẹ jẹ́ mélòó?"

Ó wá ku raid, ìyẹn kíkó ara wa jọ lọ bá ẹbọra jà. Àwọn kan ní sùnmọ̀mí, wọn kò sì ṣì í sọ: nígbà ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún 19, òun ni ìkọlù òjijì tí wọ́n fi ń kó ènìyàn àti ẹrù. Ṣùgbọ́n agbésùnmọ̀mí inú ìròyìn òde òní ti gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wa lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ kí ìyá kankan gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ láàárín òru. Ìṣígun ni èmi ń lò títí ẹ óò fi rí èyí tó sàn jù ú lọ.