Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n gba iṣẹ́ ẹnjiníà ni àbí kí n dúró ti bọ̀ọ̀dà mi ní wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mechanical Engineering ni mo kà, mo ń sìnrú ìlú lọ́wọ́ n'Íbàdàn, ₦77,000 tíjọba ń san yẹn náà ni mo ń nà. Bọ̀ọ̀dà mi ń ṣe ríwáyà mọ́tò, WAEC ló kà mọ.

Sátidé tó kọjá wọ́n gbé Corolla kan wá, iná check engine ò kú, scanner tá a fi ń yẹ mọ́tò wò gbé kóòdù P0171 jáde, mo ti ń ṣàlàyé pé atẹ́gùn ló pọ̀ ju epo lọ, kí n tó sọ̀rọ̀ tán bọ̀ọ̀dà ti tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì, wọ́n fọwọ́ dí rọ́bà kékeré kan tó ti sán, ló bá rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. ₦25,000 nìyẹn! Ká sòótọ́ ṣá, oṣù mìíràn wà tọ́wọ́ wọn máa ń gbẹ pátápátá.

Kọ́ńpìnnì kan wá pè mí, ₦120,000 lóṣù. Mọ́mì mi ní àwọn ò rán mi ní yunifásítì kí n wá máa fi gíríìsì para.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe méjèèjì, èwo ni kí n mú? Àti pé ọdún tí mo bá lò ní wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù, ṣé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, á kà á fún mi bí ìrírí iṣẹ́?