Òòyì inú etí: ọrùn ìyá àgbà kò gba ètò Epley, kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá àti Kàdúná, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn là ń wá. Ìyá ẹni ọdún 71 ni, ní Kubwa. Bí wọ́n bá ti yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, òòyì á kọ́ wọn. Dókítà ní òkúta wínníwínní inú etí ọ̀tún ló yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀.

Ètò Epley, ìyẹn yíyí orí àti ara láti dá òkúta náà padà sáyè rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa: kí wọ́n jókòó, kí wọ́n yí orí sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n dígírì 45, kí wọ́n sùn sẹ́yìn kí orí rọ̀ díẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì, ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán. Lẹ́yìn náà orí á yí sósì, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ojú á kọ ilẹ̀, kí wọ́n tó rọra dìde jókòó. Ọrùn wọn ti le, orí kò rọ̀. Ṣé ìrọ̀rí lábẹ́ èjìká tó?

Oògùn òòyì Cinnarizine ń kọ́? Ó ń dín òòyì kù, ṣùgbọ́n kì í dá òkúta padà, bó bá sì pẹ́ jù, kì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè kọ́ bí ara ṣe ń dúró.

Èyí tó ń dẹ́rù bà wá jù ni òru. Bí NEPA bá múná lọ, ojú tó ń bá etí ṣiṣẹ́ kí ara lè dúró kò ríran mọ́, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Iná wo ló ń tàn fúnra rẹ̀? Ṣé National Ear Care Centre, ilé ìwòsàn etí ní Kàdúná, ń béèrè lẹ́tà dókítà?