Àrùn ìgbàgbé, arán, tàbí àjórẹ̀yìn iyè? Èsì lórí orúkọ tí a ó fún àrùn Alzheimer àti irú rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ìdílé tó ń tọ́jú àgbàlagbà tí àrùn Alzheimer ń ṣe, wọ́n sì bèèrè orúkọ tí a ó máa pè é ní èdè wa. Orúkọ mẹ́rin ló ti jáde: àrùn ìgbàgbé, arán, ìraníyè àti ajẹyè. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn fún orí ìwé náà.

Kí a tó yan orúkọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ. Àrùn Alzheimer jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àrùn tí ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ìrántí, òye, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwà ènìyàn yóò fi yí padà. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́, nítorí ìdènà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, irú èyí tí ń fa rọpárọsẹ̀, lè bí ohun tó jọ ọ́. Orúkọ ìdílé, ìyẹn gbogbo irú àrùn bẹ́ẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní dementia, ni a ń wá, kì í ṣe orúkọ ọmọ kan. Emil Kraepelin, dókítà àrùn ọpọlọ, ló fi orúkọ Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì bíi tirẹ̀, pe ọmọ tí à ń pè ní àrùn Alzheimer nínú ìwé rẹ̀ ní 1910. Ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ ẹ lọ.

Ìgbàgbé kò tó. Gbogbo wa ni à ń gbàgbé, a sì ń fi “ìgbàgbé kò lóògùn” ṣe àwàdà nígbà tí ẹnìkan bá wá kọ́kọ́rọ́ tì. Ẹni tí àrùn yìí ń ṣe lè ki oríkì ìdílé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má sì mọ̀ bóyá òun ti jẹun àárọ̀. Ó lè sọnù ní àdúgbò tó ti gbé láti ìgbà èwe. Ó lè máa fura sí ọmọ tó ń fọ aṣọ rẹ̀ pé ó jí òun lówó. Bí ìwé bá ti pè é ní ìgbàgbé, ọmọ náà kò ní mọ̀ pé ara àìsàn ni ẹ̀sùn olè tí wọ́n fi kan òun.

Arán jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ (ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀: àrán ni aṣọ, aràn ló wà nínú ikùn), ó sì dùn mọ́ mi pé àwọn baba wa mọ nǹkan náà débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ èébú ti wọ inú rẹ̀. “Ṣé o ti ń ṣarán ni?” kì í ṣe ohun tí a lè kọ sí orí ìwé tí a fẹ́ kí ọmọ gbé fún ìyá rẹ̀. Ó tún so àrùn náà mọ́ ogbó, bẹ́ẹ̀ ẹni ọdún 51 ni Auguste Deter, obìnrin tí Alzheimer kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn náà lára rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt ní Jámánì ní 1901. Alzheimer ló tọ́jú rẹ̀, Alzheimer náà ló sì yẹ ọpọlọ obìnrin náà wò lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1906, tó sì ròyìn ohun tó rí fún àwọn dókítà ní Tübingen lọ́dún kan náà. Ewu kejì ni pé bí ilé bá ti gbà pé ogbó ni, wọn kò ní gbé àgbàlagbà dé ilé ìwòsàn, nígbà tí ó lè jẹ́ àìtó fítámì B12, ìbànújẹ́ ọkàn tó di àìsàn, tàbí oògùn tí kò bá wọn lára mu ló ń da iyè wọn rú, tí ìtọ́jú sì wà fún un.

Ti ìraníyè ló burú jù. A máa ń sọ pé “ọtí ra á níyè” tàbí “wọ́n ra á níyè”. Gbólóhùn náà ń wá olùṣe ni. Ní ilé tí ọ̀rọ̀ tí kò bára mu lẹ́nu ìyá àgbà ti lè di ìjẹ́wọ́ àjẹ́ létí àwọn ará àdúgbò, orúkọ tó ní olùṣe nínú yóò rán wọn lọ wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Ajẹyè kò sàn jù ú lọ: ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ń fi àmì ohùn sí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn?

Àbá mi ni àjórẹ̀yìn iyè. Iyè ju ìrántí lọ, ó kan òye pẹ̀lú. Àjórẹ̀yìn ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, kò sì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan sọ níhìn-ín pé àrùn yìí kò sí láàárín wa, pé òyìnbó ló ni ín. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 láàárín àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti dáhùn ìyẹn. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé láàárín ẹni ọdún 65 sókè, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún ní Ìbàdàn, 2.52 sì ni ti Indianapolis. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Yorùbá ni wọ́n fi bi àwọn ará Ìdíkàn ní ìbéèrè, wọ́n sì tún bi ẹni tó sún mọ́ àgbàlagbà náà bí ó ṣe ń ṣe sí nílé. Ọ̀nà yẹn ni kí ìwé ẹ̀gbọ́n wa gbà: kí ó sọ ohun tí ojú ń rí, kí ó tó sọ orúkọ.

Nípa ìtọ́jú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ “agídí” àti “irọ́” tí ẹ fi ń ṣàpèjúwe aláìsàn kúrò nínú àpẹẹrẹ ìwé náà tí ẹ fi ránṣẹ́. Bí Màmá bá jókòó sí yàrá wọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ sílé, èsì tí ìwé yẹ kí ó kọ́ni ni “Màmá, ẹ sọ ti ilé yẹn fún mi,” kì í ṣe “Ṣebí ilé lẹ wà yìí?” Ní ti orúkọ tí a ó pe ẹni tó ń bójú tó wọn, olùtọ́jú ń ránni létí nọ́ọ̀sì. Adúrótini ni mo rò pé ó yẹ ọmọ tàbí aya tó wà lẹ́bàá wọn tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá rí i pé ó jọ ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ jù, ẹ mú èyí tí wọ́n ń sọ ní Èkìtì, Ìjẹ̀bú tàbí Kétu wá, kí a gbé e yẹ̀ wò.