Ìwé Philip Pullman àti fíìmù tí wọ́n fi ṣe: kí ni àwọn ìjọ rí nínú rẹ̀ tí wọ́n fi bínú?

Ìyá Dámiọ́lá béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, yá ìwé Northern Lights ti Philip Pullman ní ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń kà á tọkàntọkàn débi pé a máa ń pè é wá jẹun títí kó tó dáhùn. Nígbà tí mo dárúkọ ìwé náà láàárín àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjọ, ọ̀kan nínú wọn figbe ta pé ìwé aláìgbàgbọ́ ni, pé ní 2007 ni àwọn aṣáájú ìjọ ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wo fíìmù tí wọ́n fi ṣe, àti pé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń pa Ọlọ́run nínú rẹ̀. Mo wá fíìmù náà, The Golden Compass, mo sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run.

Kí ni àwọn ìjọ wọ̀nyí wá rí gan-an? Ṣé inú ìwé ni ohun tí wọ́n ń sọ wà, àbí àhesọ lásán ni? N kò fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò kà á, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ mójú kúrò lára ohun tó lè ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá ti kà á tán là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì dáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Dámiọ́lá. Mo ti fi ìwé yìí kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí obìnrin yẹn sọ kì í ṣe àhesọ, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín, kò sì sí nínú fíìmù tí ẹ wò. Inú ìwé kẹta ló wà, ó sì yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀.

Ìwé mẹ́ta ni ìtàn náà. Northern Lights, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní The Golden Compass, jáde ní 1995; The Subtle Knife tẹ̀lé e ní 1997; The Amber Spyglass sì parí rẹ̀ ní 2000. Nínú ayé tí Pullman dá sílẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn kì í gbé inú ara, ìta ló máa ń wà ní àwòrán ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, tí kì í jìnnà sí ẹni tó ni ín. Ti ọmọdé lè jẹ́ ẹyẹ láàárọ̀ kó sì di ológbò lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ẹ̀mí rẹ̀ yóò dúró sí àwòrán kan ṣoṣo títí ayé. Àwọn aláṣẹ ìjọ inú ayé náà, tí wọ́n ń pè ní Magisterium, gbà pé Dust, ohun kan tí ojú lásán kò lè rí tó máa ń bà lé àwọn àgbà, ni ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ kan lábẹ́ wọn fi ń jí àwọn ọmọ gbé lọ sí ìhà àríwá, tí wọ́n sì ń gé wọn kúrò lára ẹ̀mí wọn kí wọ́n tó bàlágà.

Ibì kan wà tí Lyra, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ti bá ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti gé báyìí nínú ahéré kan láàárín yìnyín. Ẹja gbígbẹ kan ni ọmọ náà dì mọ́ àyà, ó rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé ẹja náà ni ẹ̀mí rẹ̀ tó sọnù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ mú ẹja náà kúrò lọ́wọ́ òkú, wọ́n sì sọ ọ́ fún ajá. Lyra fi ìbínú kọjú sí wọn, ó wá fi ọ̀bẹ họ orúkọ ẹ̀mí ọmọ náà sára owó wúrà kan, ó sì tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó sun òkú rẹ̀. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ yóò mọ̀ pé Pullman kò bá ìjọ inú ìtàn rẹ̀ ṣeré. Nínú fíìmù, wọ́n fi ọmọ mìíràn rọ́pò rẹ̀, ọmọ náà kò kú, ó sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ohun tó dun àwọn Kátólíìkì ni pé Magisterium ni orúkọ tí ìjọ tiwọn ń pe àṣẹ tó ní láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n kí àwa tó kù má rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá: nínú ìtàn Pullman, John Calvin ló di póòpù, òun ló sì gbé àga póòpù lọ sí Geneva. Ó ti da ìjọ Róòmù àti ìjọ àwọn Alátùn-únṣe pọ̀ mọ́ ara wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí.

Ní ti pípa Ọlọ́run, ẹnì kan wà nínú ìwé kẹta tí wọ́n ń pè ní Authority. Áńgẹ́lì ni, òun ló kọ́kọ́ wà, ó sì purọ́ fún àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ pé òun ló dá wọn. Nígbà tí ìtàn fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbó kùjọ́kùjọ́, inú àpótí kírísítálì ni wọ́n ń gbé e kiri, ẹ̀rù sì ń bà á. Will, ọmọkùnrin tó ń bá Lyra rìn, fi ọ̀bẹ rẹ̀ la àpótí náà kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Arúgbó náà ti fúyẹ́ débi pé bí atẹ́gùn ṣe kàn án ló tú ká. Àwọn ọmọ méjèèjì kò tilẹ̀ mọ ẹni tí ó jẹ́, àánú rẹ̀ ló ṣe wọ́n.

Alàgbà Ìjọ dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà fún àlàyé yìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi àánú àwọn ọmọ náà bo ohun tí ìwé náà ń ṣe mọ́lẹ̀. Òǹkọ̀wé náà kò fi ara pamọ́. Ní 2001 ó sọ fún ìwé ìròyìn Washington Post pé òun ń gbìyànjú láti jin ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ Kristẹni lẹ́sẹ̀. Àlùfáà Áńgílíkà ni bàbá àgbà rẹ̀, ó mọ Bíbélì àti orin ìsìn láti kékeré, nítorí náà ó mọ ibi tí òun ń ta ọfà sí. Inú ewì Milton lórí ìṣubú Ádámù ló ti mú àkọlé gbogbo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, His Dark Materials, ó sì yí ìtàn náà po pátápátá: jíjẹ èso tí Bíbélì pè ní ìṣubú ni òun kà sí ìdáǹdè.

Ẹ wo àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ìkà ni iṣẹ́ àwọn aláṣẹ ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mary Malone, tí òǹkọ̀wé fi ojú rere wò, sísítà ìjọ Kátólíìkì tó kọ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọmọ ọdún 11 tí kò tíì mọ ìwé Jẹ́nẹ́sísì dénú, ṣé ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Òbí tó bá sọ pé rárá kò ṣe ohun ìtìjú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú l'Óńtáríò dáhùn:

Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo gbà pé òbí ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2007 kọjá ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ rẹ̀, mo sì fẹ́ kí Ìyá Dámiọ́lá mọ bí ó ṣe lọ.

Nígbà tí fíìmù náà kò tíì jáde, ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Bill Donohue, olórí Catholic League, ẹgbẹ́ Kátólíìkì kan ní New York, pe gbogbo Kristẹni pé kí wọ́n má yà sí i, ó sì tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde láti fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Kò sọ pé fíìmù náà fúnra rẹ̀ ni yóò ba ọmọ jẹ́. Ohun tó sọ ni pé ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni: òbí yóò wò ó, kò ní rí nǹkan kan tó burú, yóò sì lọ ra ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ rẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Láti 2004 ni Chris Weitz, tó darí fíìmù náà, ti jẹ́ kí àwọn olùfẹ́ ìwé mọ̀ pé àwọn yóò dín ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn inú rẹ̀ kù. Wọ́n sì dín in kù lóòótọ́. Wọ́n tún gé ìparí ìwé àkọ́kọ́ kúrò, níbi tí Lord Asriel, bàbá Lyra, ti ń ka Jẹ́nẹ́sísì fún un, tí Roger ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti kú. Ìdí nìyẹn, Ìyá Dámiọ́lá, tí ẹ fi wò ó tán tí ẹ kò rí ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí.

Ìgékúrò yìí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, National Secular Society, ẹgbẹ́ àwọn tí kò fẹ́ kí ẹ̀sìn máa darí ìlú, bínú pé wọ́n ti yọ ọkàn ìwé náà kúrò. Láàárín àwọn Kátólíìkì pàápàá, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Nicole Kidman, tó ṣe Mrs Coulter, obìnrin tó ń darí àwọn tó ń jí ọmọ gbé nínú fíìmù náà, sọ pé inú ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, pé òun kò ní ṣe fíìmù tó bá ń gbógun tì í. Ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù fún àjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ àyẹ̀wò tó yin fíìmù náà, ṣùgbọ́n àjọ náà fa àyẹ̀wò ọ̀hún padà nínú oṣù Kejìlá. L'Osservatore Romano, ìwé ìròyìn Vatican, bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà ní oṣù yẹn kan náà.

Nípa owó, nǹkan bí mílíọ̀nù 180 dọ́là ni New Line Cinema, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, ná sí i. Nǹkan bí mílíọ̀nù 70 péré ló pa ní Amẹ́ríkà, ó sì pa nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n New Line ti ta ẹ̀tọ́ ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀ láti fi rí owó ṣe fíìmù náà, nítorí náà èrè yẹn kò dé àpò wọn. Ní 2008 ni wọ́n gbé ilé iṣẹ́ náà sínú Warner Bros. Fíìmù kejì àti ìkẹta kò wáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ àrà ojú. Sam Elliott, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré inú fíìmù náà, di ẹ̀bi náà ru ìjọ Kátólíìkì. Lójú tèmi, ariwo ìjọ dá kún un, ṣùgbọ́n fíìmù tí wọ́n ti gé ìparí ìtàn rẹ̀ dànù ti kọ́kọ́ pàdánù àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà.

Ibi tí ó ká mi lára ni ti àdúgbò mi níhìn-ín. Ní oṣù Kọkànlá 2007, ìgbìmọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ní Halton, ní Kánádà, kó ìwé náà kúrò lórí pẹpẹ lẹ́yìn tí ẹnì kan fi ẹ̀sùn kàn án. Ọdún 12 ni ìwé yẹn ti wà níta. Ó ti gba Carnegie Medal, ẹ̀bùn ìwé ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kẹta, tí gbogbo ọ̀rọ̀ líle wà nínú rẹ̀, ti gba ẹ̀bùn Whitbread ti 2001, ìwé ọmọdé àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn àgbà yẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà láàárín gbogbo àkókò yìí. Fíìmù tí wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ti ń kà á.

Ìyá Dámiọ́lá fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ó ti ń yé mi. Mo tún gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury fọwọ́ sí ìwé yìí. Ṣé òótọ́ ni, kí ló sì rí tí Alàgbà kò rí? Eléyìí tí BBC ṣe ńkọ́?

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì dáhùn:

Òótọ́ ni, ìyá. Rowan Williams, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury nígbà náà, jókòó pẹ̀lú Pullman ní gbangba ní National Theatre ní oṣù Kẹta 2004, nígbà tí wọ́n ń fi ìwé náà ṣe eré orí ìtàgé níbẹ̀, ó sì ti sọ pé ó yẹ kí wọ́n lo àwọn ìwé wọ̀nyí nínú ẹ̀kọ́ ìsìn ní ilé-ẹ̀kọ́. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó lè gbó, tí agbára lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run tí Kristẹni ń sìn; pé ìjọ tó bá gba irú ọlọ́run bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni yóò máa fi ẹ̀rù àti ipá dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ó tún tọ́ka sí i pé Jésù kò sí nínú ìtàn náà rárá, mo sì rò pé ohun tó tóbi jù nìyẹn, nítorí ìjọ tí kò ní Kristi, tó ní kìkì ilé ẹjọ́ àti ọlọ́pàá, ni Pullman yàwòrán rẹ̀. Alàgbà náà kò ṣì í sọ: Pullman kò gba ọ̀nà àbáyọ tí Williams là sílẹ̀ fún un.

Ti BBC àti HBO, tí wọ́n gbé jáde láti 2019 títí di 2022, kò fi nǹkan pamọ́ bíi fíìmù náà. Authority wà nínú apá kẹta rẹ̀. Bí ọmọ bá bọ́ sórí ẹ, yóò bá a pàdé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó ka ìwé àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá dé orí 21, ẹ bá a jókòó. Ibẹ̀ ni Lord Asriel ti mú Bíbélì ayé tiwọn, tó ka orí kẹta Jẹ́nẹ́sísì: ejò ṣèlérí fún Éfà pé bí ó bá jẹ èso náà, ẹ̀mí rẹ̀ yóò gba àwòrán rẹ̀ tòótọ́. Ẹ ṣí Bíbélì tiyín sí ojú ewé kan náà, kí ó ka méjèèjì jáde, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí òǹkọ̀wé fi kún un àti ohun tó yọ kúrò. Ẹ ka ìwé kẹta tán fúnra yín kí ẹ tó jẹ́ kó dé ọwọ́ rẹ̀.

Alàgbà Ìjọ dáhùn:

Mo fara mọ́ ti orí 21 yẹn, ìyá, bí ẹ bá lè jókòó tì í lóòótọ́. Ti ìwé kẹta, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi: ẹ jẹ́ kó pé ọmọ ọdún 14 tàbí 15. Bí ó bá sì ní ìbéèrè tó kọjá agbára yín, ẹ mú un wá síbí, èmi àti Tíṣà yóò jọ dá a lóhùn.